Àbọ̀ lórí sítóòfù eléèédú inú ọkọ̀ ojú omi wa

Ẹ kú ìdúró o. Mo béèrè níjọ́sí bí a ṣe lè ri sítóòfù eléèédú sínú ọkọ̀ ojú omi tóóró tí à ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìfi ẹ̀mí ìdílé mi wewu. Iṣẹ́ náà ti parí. Ẹni tó ṣe é tẹ̀lé BS 8511, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fífi irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré: ó tẹ́ pèpéle tí kò lè gbiná, ó de ẹsẹ̀ sítóòfù mọ́ ọn kí ó má baà yẹ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lù wá, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín táìlì àti ògiri pákó, nítorí pé táìlì nìkan kì í dá ooru dúró, pákó ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè gbiná níjọ́ kan.

Ohun tó ká mi lára jù ni carbon monoxide, gáàsì tó ń ti ara iná èédú jáde, tí kò lóòórùn, tí kò ṣe é fojú rí, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Nítorí náà, a kò dí ihò atẹ́gùn kankan, bó ti wù kí òtútù mú tó, a sì gbé aago tó ń kìlọ̀ bí gáàsì yìí bá wà nínú afẹ́fẹ́ sí ibi ìbùsùn pẹ̀lú, èyí tó bá EN 50291-2, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún irú aago bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, mu. A fi èéfín dán gbogbo oríkèé páìpù wò. Kò sí èyí tó ń jò. Ẹ ṣeun gan-an; ìbéèrè mi ti yanjú.