Èsì: "aláwàdábo" kò wọlé

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé kí á máa pe obìnrin tó ń pani lẹ́rìn-ín ní "aláwàdábo", kó lè bá "ìṣègbèfábo" tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń lò fún fẹ́míníìsìmù (ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin) mu. Mo kúnlẹ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ohùn bẹ̀rẹ̀. Nínú "fábo", "fún" ló gbé ohùn òkè wá. Kò síjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "àwàdà" parí sí ohùn ìsàlẹ̀, "abo" sì jẹ́ àárín, àárín. Ta ló wá gbé òkè lé "dá" lórí? Ẹni tó bá fẹ́ pa fáwẹ̀lì jẹ, "aláwàdàbo" ló máa bá délé, ìyẹn náà ò sì dùn létí.

Ohùn kọ́ ló bí mi nínú jù. "Abo" ni. Abo ewúrẹ́, abo màlúù, abo kìnnìún. (Adìyẹ pàápàá lórúkọ tirẹ̀, àgbébọ̀ là ń pè é!) Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa na "takọtabo" sí mi lójú. Àwọn méjèèjì ló jọ ń rìn níbẹ̀. Ẹ yọ akọ kúrò, kẹ́ ẹ wá sọ fún ìyá yín pé "abo kan ń kanlẹ̀kùn", kẹ́ ẹ rí ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Àwọn tó pòwe ejò, obìnrin ni wọ́n ní ó pa á, wọn ò ní abo.

"Ìṣègbè" náà ńkọ́? Adájọ́ tó ń ṣègbè, gbogbo wa la mọ ohun tá à ń pè é. Obìnrin tó ní kí wọ́n sanwó òun bí wọ́n ṣe san ti ọkùnrin tí wọ́n jọ gun orí ìtàgé, ṣé ojúsàájú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún? "Ìjàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin" tí à bá fi rọ́pò rẹ̀ gùn lóòótọ́, àmọ́ kò purọ́ mọ́ni.

Ẹ̀gbọ́n tún ní àwàdà obìnrin kò sí nígbà Bàbá Sàlá, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kó o dé, àti pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí irú wa. Ẹ̀yin ni àgbà. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá mi ò ka ìwé kankan, ìdí ọlọ ni wọ́n ti ń fi orin bú òrogún wọn láìdárúkọ, òrogún á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó yé e pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ṣé ẹkún ni wọ́n gbé lọ sí ààfin ni? Orin yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ fún Aláké Adémọ́lá, títí ó fi kúrò lórí oyè ní 1949.

Lónìí, Taaooma tó ń ṣàwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dá ṣe ìyá, ó tún ń ṣe ọmọ. Ohùn ọmọdé, "Tatafo", ni Helen Paul fi gba orí rédíò, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní 2019. "Apanilẹ́rìn-ín" tó fún àwọn méjèèjì. "A-" iwájú rẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó ró ìró. Bó bá pọn dandan, "obìnrin" á tẹ̀lé e bó ṣe ń tẹ̀lé ọlọ́pàá.

"Ẹlẹ́fẹ̀" lèmi ìbá yàn, ẹ̀yin ará Kétu àti Ìmẹ̀kọ ni ẹ ò gbà. Ẹ ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó àwọn tó ń gbé ère igi rù, nìkan ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ọkùnrin ń so ọmú igi máyà, tó ń fi wá ojúure àwọn ìyá wa! Ó dáa. Tí ẹ bá ń bá àna yín ṣẹ̀fẹ̀, igi wo lẹ gbé rù?