Mo fẹ́ ka másítà Computer Engineering lókè òkun, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà

Ọmọ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. LAUTECH ni mo ti ka Computer Engineering, 3.80 lórí 5.00 ni mo fi jáde. Mo ti sin ìjọba tán, mò ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Takie báyìí. Bàbá mi ń sọ pé àwọn á ta ilẹ̀ kan tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ kí n lè lọ ka másítà, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n tà á sórí ohun tí kò dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni kí n dojú kọ, kí ni kí n sì kọ́kọ́ ṣe?

Bọ̀dá Leeds
Ọdún kan ni másítà ní UK níbí, ìyẹn ló ń wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Owó ilé-ìwé wọn le, ilẹ̀ bàbá rẹ lè má ká a. Bí o bá ti láya, láti January 2024 ni ẹni tó ń ka másítà oníkíláàsì kò ti lè mú ìyàwó àtọmọ wá mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọdún méjì ni wọ́n ń fúnni láti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá bèèrè fún un láti January 2027, oṣù 18 ni tirẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́, bí kò bá sẹ́ni tó máa gbé owó náà, wo ibòmíì.

Ìyá Ìbejì, Dortmund
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Sọ fún bàbá kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ìwé, owó sáà díẹ̀ ni wàá máa san. Àmọ́ yẹra fún ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg bí owó bá ń dùn ọ́: 1,500 yúrò ní sáà kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa tí a ti òde Yúróòpù wá. TUM, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Munich, náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó láti 2024. Owó tí o ò lè sá fún ni ti àkáǹtì títì (blocked account), níbi tí wàá kó owó ìgbọ́bùkátà ọdún kan sí nítorí físà: 11,904 yúrò ni wọ́n ń béèrè láti 2024. Owó rẹ náà ni o, 992 ni wọ́n á máa tú sílẹ̀ fún ọ lóṣooṣù tí o bá dé. Bí ilẹ̀ yóò bá tilẹ̀ wọ ọjà, ó di ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti gbà ọ́.

Máàkì rẹ dára. Ìṣirò tiwọn rèé: yọ máàkì rẹ kúrò nínú 5, pín in sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín 5 àti máàkì ìyege tó kéré jù, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, fi 1 kún un. Bí wọ́n bá fi 1.00 ṣe ìyege, 1.90 ni tìrẹ. Bí wọ́n bá fi 1.50 ṣe é, bíi 2.03. Níbí, 1.0 ló ga jù, 4.0 ni ìyege tó kéré jù, ọ̀pọ̀ iléèwé ló sì ń gba 2.5.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Wọ́n máa ń ka kọ́ọ̀sì rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìṣirò mélòó, ẹ̀lẹ́kítíróníìkì mélòó, digital logic ńkọ́, computer architecture ńkọ́. Orúkọ kọ́ọ̀sì àti yúníìtì nìkan ló wà lórí transcript. Ẹni tó jókòó sí Dortmund rí "Engineering Mathematics II, yúníìtì 3", báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ ṣe Fourier àti Laplace nínú rẹ̀? Ìwé tí wọ́n ń pè ní module description ló máa sọ fún un: ohun tí ẹ kà nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, iye wákàtí, ìwé tí ẹ lò, bí ẹ ṣe ṣèdánwò, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀ka yín. Gbà á nísinsìnyí tí ọ̀kadà ṣì lè gbé ọ láti Takie dé géètì. Ẹni tó bá ń fi WhatsApp bẹ èèyàn láti òkèèrè pé kó bá òun lọ, ojú rẹ̀ á rí tó.

Iléèwé tó bá ń lo uni-assist, àjọ tó ń bá àwọn yunifásítì yẹ ìwé ẹni wò, 75 yúrò ni ti iléèwé àkọ́kọ́, 30 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù, nítorí náà má kàn fọ́n ọn káàkiri.

Bàbá Tólú, Edmonton
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n Kánádà náà wà níbẹ̀ o. Oríṣi másítà méjì ló wà fún engineering, mọ ìyàtọ̀ MASc àti MEng. MEng, kíláàsì lásán ni, àpò ara rẹ ni wàá fi san án. MASc, ìwádìí ni, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gbà ọ́ sábà máa ń fún ọ ní owó oṣù. Ọ̀jọ̀gbọ́n lo máa kọ́kọ́ wá. Kí lo fi ṣe purójẹ́ẹ̀tì?

Ọmọ Under G
Ẹ ṣé sà. Mítà iná ni, chip kékeré kan tó ń jẹ́ ATmega328 ló ń ka iná, ó ń fi SMS ránṣẹ́ sí onílé.

Bàbá Tólú, Edmonton
Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe irú ẹ̀. Nínú ímeèlì rẹ, sọ ohun tí o wọ̀n: àṣìṣe mítà rẹ sí mítà gidi, ìṣẹ́jú àáyá tí SMS fi ń dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ìlà mẹ́wàá ti tó, wọn kì í ka ìtàn ayé ẹni. Lẹ́yìn náà, kọ́ Verilog tàbí VHDL, èdè tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ inú chip. O ò nílò pátákó FPGA (chip tí èèyàn lè tún inú rẹ̀ tò) láti fi dán an wò: sọ́fítíwià Icarus Verilog, GHDL àti GTKWave ti tó, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, láptọ́ọ̀pù àlòkù á sì gbé wọn. Kọ processor kékeré kan, gbé e sí GitHub, ibi tí wọ́n ti lè rí kóòdù rẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé engineering lo kà, torí àwọn tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù ti pọ̀ ju iyanrìn lọ.

Ọ̀rẹ́ Houston
Kò sẹ́ni tó sọ ti Amẹ́ríkà? Pẹ̀lú dìgírì B.Tech tí o gbà ní LAUTECH yẹn, o lè bèèrè fún PhD tààrà, ibẹ̀ ni owó ìrànwọ́ pọ̀ sí ju másítà lọ.

Ìyá Ìbejì, Dortmund
Ọmọ ní másítà lòun fẹ́, ẹ ti ń fi ọdún márùn-ún lọ̀ ọ́! Físà ibẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ Houston
Ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ mà, ọ̀rọ̀ físà ò ṣeé dáhùn lónìí. Àbúrò, kí àwọn olùkọ́ tó máa kọ lẹ́tà fún ọ lo ímeèlì ilé-ìwé, kí wọ́n má fi Gmail ránṣẹ́.

Ọmọ Under G
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ bá HOD nítorí module description yẹn.

Ìyá Ìbejì, Dortmund
Má lọ lọ́wọ́ òfo o. Fúnra rẹ ni kí o tẹ ẹ́, láti inú ìwé kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún yín ní ọdún kìíní, kó jẹ́ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ló kù. Bí o bá ní kí wọ́n bá ọ kọ ọ́, wàá pẹ́ níbẹ̀. SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ lọ ṣe nígbà ilé-ìwé, fún un ní ojú ewé tirẹ̀: oṣù mẹ́fà, ibi tí o ti ṣe é, iṣẹ́ tí o ṣe. Mo ti fi ti ẹnìkan tó ti dé ibí ránṣẹ́ sí ọ, wo bó ṣe tò ó.