Èsì: Ṣé “pàdánù” ni “manquer”?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀gá wa dábàá pé, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, “pàdánù” nìkan ni ká kọ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé náà, “manquer”, kí gbogbo àwa tí à ń túmọ̀ lè máa lo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn.

“J'ai manqué le train”: ó dáa, mo pàdánù ọkọ̀ ojú irin. Àmọ́ ẹ gbé e wọ “Tu me manques”, ohun tí Faransé ń wí tí àárò ẹnì kan bá ń sọ ọ́, wò: “O pàdánù mi”. Ẹni tí wọ́n fìfẹ́ kọ lẹ́tà sí á rò pé wọ́n ń kọ òun sílẹ̀ ni!

Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà wá láàmú, pẹ̀lú “I miss you” rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba inú rẹ̀ bọ́ sí Faransé á sáré kọ “Je te manque”, láìmọ̀ pé ohun tóun ń wí ni pé àárò òun ń sọ ẹni kejì. Bẹ́ẹ̀ “Àárò rẹ ń sọ mí” wà nílẹ̀ fún wa. Àárò rẹ ni olùwà, èmi tó ń ṣe sì wà nípò àbọ̀, bíi “me” tiwọn gẹ́lẹ́. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin tó ń sọ Yorùbá nílé, tó ń kọ́ Faransé níléèwé, kí ló fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàárín?

Lójú tèmi, “kù” ló sún mọ́ ọn jù. Olùkọ́ ka orúkọ tán, ó ní “Il manque deux élèves”: ó ku ẹni méjì. Ata wà, epo wà, “il manque le sel”: ó ku iyọ̀. “Il a manqué de tomber”: ó kù díẹ̀ kó ṣubú. Ọwọ́ Ítálì ni Faransé ti yá a, “mancare”. “Mancus” ti Látìn tó wà nídìí rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò pé. Àìpé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe òfò.

“Kù” náà kò lè dá a ṣe o. “Manquer à sa parole”, yẹ àdéhùn ni. Tí wọ́n bá ní kí Faransé bá àwọn kí ìyá rẹ̀, tó fèsì pé “Je n'y manquerai pas”, “Wọ́n á gbọ́” ni tiwa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká to “kù”, “yẹ̀” àti “àárò sọ” síbẹ̀, kí kálukú ní gbólóhùn àpẹẹrẹ tirẹ̀. Kí “pàdánù” wà lẹ́yìn, fún ọkọ̀ àti àǹfààní.

Ẹ̀yin tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ bá mi dá sí “Il m'a manqué de respect”. “Ó rí mi fín” ni mo kọ. Ẹnì kan ní “Ó yájú sí mi”, ṣùgbọ́n ṣé àgbà lè yájú sí ọmọdé ni?