"Amúdàgbà": ó mú kí ni dàgbà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, "Ipa omi àti amúdàgbà lórí ọká". Náítírójìn, oúnjẹ ewéko tó wà nínú ajílẹ̀, lẹ pè ní amúdàgbà, ẹ sì pe óòtì, irúgbìn oníhóró tí òyìnbó ń pè ní oats, ní ọká. Ẹ má bínú, n kò lè gbà á.

Ẹ wo "mú" yẹn. Amúnáwá: ó mú iná wá. Amúlétutù: ó mú ilé tutù. Amúdàgbà ńkọ́? Ẹ ti yọ àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú, sọnù. Bí ẹ bá tiẹ̀ ki "ewé" bọ̀ ọ́, "dàgbà" ò bá a mu. Náítírójìn ló ń jẹ́ kí ewé dú; bó bá pọ̀ jù, óòtì á máa yọ ewé ṣáá, kò ní tètè gbó, pòròpórò rẹ̀ á sì dùbúlẹ̀. Ṣé àgbà nìyẹn?

Mo ti sọ ṣáájú pé náítírójìn kì í ṣiṣẹ́ láìsí omi. Àbúrò kan wá ní amúnáwá náà kì í ṣiṣẹ́ láìsí epo, pé kí n fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀. Kò ṣeé fi sílẹ̀. Ìgbẹ́mọ ni wọ́n ti tọ́ mi. Lọ́dún kan, bàbá mi bu yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, sídìí àgbàdo, òjò sì kọ̀, kò rọ̀. Ọjọ́ kẹrin, hóró funfun náà ṣì wà nílẹ̀ bí iyọ̀, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí àárín. Nígbà tí òjò wá rọ̀, ewé tuntun tó yọ dú minimini. Bàbá ní, "Omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀." Òótọ́ ni: gbòǹgbò kì í jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, inú omi ló ti ń fà á. Omi náà bá tún pọ̀ jù, á wọ́ ọ kọjá gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ohun tí kò lè dá rìn, ẹ wá fi "a-mú" sọ ọ́ di ọ̀gá!

Ní ti "ọká", ejò nìyẹn. Ọkà lẹ ní lọ́kàn, àmàlà sì ni ọkà lẹ́nu àwọn ìyá wa ní Èkìtì níbí. Ẹ jẹ́ kí óòtì máa jẹ́ óòtì. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni àlìkámà ti wá, ta ló yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ẹ ní ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni lédè yìí. Mo gbà. Ẹ ṣáà sọ àbọ̀ "mú" yẹn fún wa. Àǹtí wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká sọ "ajílẹ̀" náà nù, ọ̀rọ̀ tiyín ṣì ń bọ̀ lọ́la.