Éésì mi ń di yìnyín nínú ọyẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń fi éésì ṣe lásìkò yìí: yàrá wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ooru ọ̀sán kì í kúrò lábẹ́ páànù títí di aago mọ́kànlá alẹ́. A ò sì lè ṣí fèrèsé, torí tí ọmọ wa bá ti fa eruku símú báyìí, ikọ́ dé.

La bá ń fi éésì sí 18, a sùn lọ. Ní bí aago mẹ́ta òru ìjẹta, tí ìta ti tutù nini, mo gbọ́ tó, tó, tó lórí tẹlifíṣọ̀n. Omi ni! Mo ṣí ojú éésì, yìnyín funfun ti bo páìpù inú rẹ̀, atẹ́gùn ò fẹ́ jáde mọ́.

Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní gáàsì ló lọ sílẹ̀, kí n mú owó wá. Àmọ́ nígbà tí mo yọ fílítà wò, eruku ara rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Mo fọ̀ ọ́, ó sàn díẹ̀, yìnyín tún padà lálẹ́ àná.

Ṣé òtútù ìta ló ń fà á, àbí gáàsì ń jò lóòótọ́? Tó bá ń jò, ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ dí ojú ibẹ̀ ká tó rọ òmíràn? Àbí kí n kàn gbé e sí 25 tó bá di òru? Ìyàwó mi ní ká kúkú pa á, ká ra fáànù. Mi ò tíì gbà.