Àjà asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti sán: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n tú u?

Arólé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà ilé tí mo jogún. Omi tó ń jò láti òrùlé ti mú kí méjì nínú páálí rẹ̀ sán, oníṣẹ́ iná sì fẹ́ lu ihò sára òmíràn tó ṣì dá ṣáká kí ó lè gbé gílóòbù kọ́ ọ. Mo gbọ́ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa ń fa jẹjẹrẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀dọ́ Bíríkìlà: Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù lónìí. Ohun tó lè pani kò yẹ lórí ẹni tó ń sùn.

Alábòójútó Ilé: Ẹ má bínú, àwé, títú náà gan-an ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Nínú páálí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pò, sìmẹ́ǹtì ló di fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn okùn rẹ̀ tín-ín-rín, mú, bí páálí náà bá sì wà lódidi tí ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ lẹ́nu, ewu rẹ̀ kéré. Ayùn, ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò, sándípépà àti ọwọ̀ gbígbẹ ló ń sọ ọ́ di eruku tí ojú kò lè rí, tí yóò sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó síbẹ̀. Àìsàn rẹ̀ sábà máa ń tó 20 sí 40 ọdún kí ó tó fara hàn, nítorí náà ẹ má gba ti oníṣẹ́ tó bá ní òun ti ń gé e tipẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe òun. Ojú lásán kò lè dá asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ èyí tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi wé páìpù omi gbígbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, iṣẹ́ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ni.

Káfíńtà Àgbà: Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asán ni àtúnṣe yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù kúrò nínú yàrá, ẹ pa iná àti fáànù, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù nínípọn sílẹ̀, kí ẹ sì rọra fín omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ sí ibi tó sán. Ẹ má họ ọ́. Ẹ fi àtè tí kì í jẹ́ kí omi wọlé dí i, bó bá sì gbẹ, ẹ fi ọ̀dà kun gbogbo ojú rẹ̀. Ìbòmú aláṣọ kò wúlò níbí. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, irú èyí tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ni kí ẹ lò, irùngbọ̀n kì í sì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Àkísà tútù ni ẹ ó fi nu ilẹ̀, kí ẹ di àkísà náà sínú náílọ́ọ̀nù onílọ̀ọ́po méjì. Ní ti gílóòbù, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná gbé e kọ́ ara ògiri.

Arólé: Ẹ ṣeun gan-an. Òrùlé náà jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ewédò sì ti bò ó. Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́?

Káfíńtà Àgbà: Rárá o. Yóò họ ojú rẹ̀, yóò sì fọ́n fọ́nrán káàkiri àgbàlá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún, nítorí bó bá ti gbó, ó lè já lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì.