Mánéjà wa ní kí n jókòó sílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè (orúkọ pamọ́)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé mo forúkọ pamọ́, àwọn kan níbi iṣẹ́ wa wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ìyá mi nílé, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára wọn.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe níbí ní England, à ń lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Yorùbá ni mánéjà wa, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Nígbà tí mo dé, "ọmọ mi" ló ń pè mí. Ó gbé ìkòkò àti kúbùsù wá fún mi. Èmi náà ń kúnlẹ̀ kí i, mò ń pè é ní mọ́mì. Àfi bíi pé wọ́n yí i padà. Tí n bá pè é pé ara mi ò yá, á ní ṣé físà ti sú mi ni. Ó ní òun lòun mú mi wá, òun sì lè dá mi padà. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, a dáwó, £20 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi mú £10 wá torí owó ilé, ó wá bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé sàráà ni mò ń ṣe fún òun.

Ẹ tún gbọ́ ti máíkírówéèfù. Mo gbé ìrẹsì àti ẹja lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti lẹ ìwé mọ́ ọn pé a ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ olóòórùn síbẹ̀ mọ́. Òun tó máa ń jẹ irú!

Rótà ńkọ́? Ilé 14 lóòjọ́, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ilé kan á parí ní aago mẹ́jọ, òmíì á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ìrìn ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn. Wọn kì í sanwó ìrìn yẹn. Mo lè wà níta fún wákàtí 15, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n á san.

Ní báyìí ó ní kí n jókòó sílé. Ṣé kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ni, àbí kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀?

Màmá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Èyí tójú mi rí ní 2022 ju báyìí lọ. Mo dé pápákọ̀ òfurufú, kò sẹ́ni tó wá gbé mi. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọn ò fún mi ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Oúnjẹ tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lèmi àtàwọn ìbejì ń jẹ, nínú òtútù yẹn. Gbàdúrà, kí o sì máa wá iṣẹ́ míì.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Yorùbá sí Yorùbá! Ìdí tí mo fi ní òyìnbó ni n ó máa bá ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Akin Ìjẹ̀ṣà
@Ọmọ Ẹ̀gbá, òyìnbó ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lórí fóònù, lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bímọ. Ẹ fi ẹ̀yà sílẹ̀ jàre.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí máíkírówéèfù. Àbúrò, kí ló dé tó fi ní kí o jókòó sílé? Ṣé ó lé ọ ni, àbí ó ní kí o dúró kí wọ́n fi ṣèwádìí? Ṣé wọ́n kọ ìwé sí ọ?

Bàbá Ṣọlá
Kí lo san fún CoS yẹn, ìwé agbanisíṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba físà? Torí gbogbo yín lẹ máa ń fi ibẹ̀ pamọ́.

Olùbéèrè
@Màmá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ojú yín rí nǹkan.
@Bàbá Ṣọlá, ẹ má bínú sà, ṣé iye tí mo san ló kàn? Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà ni. Ilẹ̀ bàbá mi àti mọ́tò mi ni mo tà. Mo bá ọkọ àti ọmọ méjì wá kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́à ní March 2024, mi ò kábàámọ̀.
@Àǹtí Nọ́ọ̀sì, wọ́n fi í-meèlì ránṣẹ́. Wọ́n ní ìpàdé wà ní Ọjọ́bọ̀ yìí, 16 October 2025, aago mẹ́wàá. Wọ́n pè é ní ìpàdé ìbáwí. Irọ́ ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ọjọ́bọ̀ yìí! Ọ̀tunla! O wá kọ ìrẹsì àti ẹja sókè, o fi ìpàdé sísàlẹ̀? Kí ni wọ́n kọ? Má fi èyíkéyìí pamọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Mú pásítọ̀ rẹ dání lọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rù ìyẹn.

Bàbá Ṣọlá
Wọn ò ní jẹ́ kí pásítọ̀ wọlé. Nínú ìpàdé ìbáwí, òfin gbà pé kí ẹnìkan bá ọ wọlé, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ṣe aṣojú fún àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́fà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣé o wà nínú ẹgbẹ́ kankan, UNISON tàbí òmíì?

Olùbéèrè
Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Mánéjà ní ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ ń wá wàhálà.

Ó dáa, n ó sọ ọ́. Màmá kan wà, ẹni ọdún 86. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo yẹ kí n dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n bá wọn dé orí ibùsùn. Tá a bá dé ilé kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ fi fóònù ya kóòdù QR tó wà nínú fáìlì ibẹ̀, kí áàpù lè gbà pé a ti dé. Ní January, mánéjà fúnra rẹ̀ ló kó fọ́tò kóòdù gbogbo ilé sínú gúrúùpù WhatsApp wa. Ó ní ká máa lò ó tá a bá ti pẹ́, kí áàpù má baà pọ́n, torí ìjọba ìbílẹ̀ ń wò ó. Gbogbo wa là ń ṣe é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ti pẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Inú mọ́tò ni mo ti ya kóòdù màmá yẹn, mo ní n ó yà síbẹ̀ tí n bá ti kúrò ní ilé tó kàn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti wà nílẹ̀. Èmi ni mo pe áńbúláǹsì. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n títí áńbúláǹsì fi dé.

Akin Ìjẹ̀ṣà
Háà.

Màmá Ìbejì
O ò kọ́kọ́ sọ èyí! Mo ti ń ṣépè fún mánéjà láti ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ìyá mi ni ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Tètè pa gbogbo fọ́tò yẹn rẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
@Ọmọ Ẹ̀gbá, dákẹ́ ẹnu ẹ. Fọ́tò yẹn àti ọ̀rọ̀ tí mánéjà kọ sí i ni gbogbo ohun tó ní. Àbúrò, má pa nǹkan kan rẹ́.

Báwo ni màmá yẹn ńkọ́? Láti ìgbà tí o ti ń kọ̀wé, o ò tíì sọ bóyá wọ́n wà láyé.

Olùbéèrè
Wọ́n wà láyé. Egungun ìbàdí ló kán. Wọ́n ṣì wà ní ọsibítù, mi ò sì lè lọ wò wọ́n, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ súnmọ́ wọn. Mi ò kì í sùn, àǹtí.

Wọ́n ti yọ mí kúrò ní gúrúùpù láàárọ̀ àná, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí, fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ. Rótà oṣù mẹ́ta àti ìwé owó oṣù náà. Má purọ́ níwájú wọn o. O ya kóòdù láìwọlé, sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ yín, sọ ọ́. Bí rótà ṣe rí, sọ ọ́ pẹ̀lú. Físà nìwọ ń rò, DBS lèmi ń rò, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń tọ́jú aláìlera. Tí wọ́n bá lé ọ torí pé aláìsàn fara pa, dandan ni kí wọ́n fi tó DBS létí. Tí wọ́n bá forúkọ rẹ sínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ tọ́jú àgbàlagbà mọ́, kò sí ilé-iṣẹ́ kẹ́à kankan tó lè gbà ọ́.

Akin Ìjẹ̀ṣà
Físà náà kì í ṣe kékeré. Tí wọ́n bá lé e, wọ́n á sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ìwé á dé, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti rí ọ̀gá míì.

Bàbá Ṣọlá
Ọjọ́ wo gan-an lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Wo ìwé àdéhùn rẹ, má fojú bù ú.

Olùbéèrè
23 October 2023, sà. Ṣé ó ní nǹkan tó ṣe ni?

Bàbá Ṣọlá
Ó ní o! Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá lé e láìtọ́, kò lè pẹjọ́ ìyẹn, àfi fún ìdí mélòó kan. Ọdún méjì rẹ á pé lọ́jọ́ 22. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ 16. Bóyá wọn ò mọ̀, bóyá wọ́n mọ̀.

Gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹni tó fẹ́ bá ọ wọlé ò bá ráyè lọ́jọ́ yẹn, o lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ ọjọ́ míì tí kò ju ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà. Ka ọjọ́ márùn-ún láti ọjọ́ 17, yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò. Ibo ló já sí?

Olùbéèrè
Ọjọ́ 23, sà.

Ọmọ Gánà kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní òun máa bá mi wọlé. Ó wà lórí rótà ní Ọjọ́bọ̀ yìí láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ó ṣófo lọ́jọ́ 23.

Bàbá Ṣọlá
Kọ í-meèlì lálẹ́ yìí. Ìlà mẹ́ta ti tó: orúkọ ọmọ Gánà, pé kò ráyè, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́. Má kọ ẹ̀dùn ọkàn kankan sínú rẹ̀, má kọ mọ́mì. Má sì lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Pe ACAS láàárọ̀, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni. Àkókò ìrìn láti ilé dé ilé, ó wọ inú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣírò owó tó kéré jù, £12.21 fún wákàtí kan láti April 2025 yìí. Ìyẹn ẹjọ́ ọ̀tọ̀, kò dúró de ọdún méjì.

Màmá Ìbejì
Èmi ṣì ní kó lọ bẹ mánéjà. Ìyá àgbà ni, obìnrin bíi tiwa ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Mà, ẹ jọ̀ọ́.

Olùbéèrè
Mo ti fi ránṣẹ́. Ìlà mẹ́rin ni, mo fi ìkíni sí i. Mo ti ya fọ́tò ohun tó wà ní gúrúùpù, ọkọ mi ti gbà á. Ó ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò sọ ti màmá yẹn fún òun látọjọ́ yìí.

Olùbéèrè
Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n fèsì. Wọ́n gba ọjọ́ 23. Mánéjà fúnra rẹ̀ pè mí lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e. @Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ wo íńbọ́ọ̀sì yín, mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa màmá yẹn síbẹ̀.

Ọlá Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì ka gbogbo ẹ̀. Ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì ń gba èèyàn?